Òkúta Tí Kò Jẹ́ Ìpè

Akàn wọlé ní ìyálẹ̀ta.

Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ń dún kó, kó, kó lórí yangí. Ó gba àárín àwọn òkúta kọjá láìfara kan ọ̀kankan. Ó dé ìlà tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri, lábẹ́ igi ayùnrẹ́, ó dúró ti òkúta kan ṣoṣo tó dúdú láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó la èékánná rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà kò mira mọ́. Bí oòrùn bá wọ̀, yóò pa èékánná náà dé, yóò sì gbé òkúta náà lọ.

Baba Gbádégẹṣin ń fi kànìnkànìn fọ òkúta mìíràn lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ti mọ̀ pé ọjọ́ náà ń bọ̀. Nítorí rẹ̀ ni kò ṣe lè jẹun láàárọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀ lé Akàn wọlé. Tìjání ni, aṣojú Ìgbìmọ̀ Ìrántí. Ọmọ dáadáa ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Baba, ó ní òun ti bẹ Ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi àyè díẹ̀ kún un, wọn ò gbà. Baba ní ó ṣeun. Ó bi í bóyá ẹran ọ̀sìn rẹ̀ fẹ́ omi.

"Oòrùn ló ń mu, Baba."

"Ó ti mu yó nígbà náà."

Ìyẹn ni gbogbo àwàdà tó wà lẹ́nu Baba láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó bu omi odò lé òkúta iwájú rẹ̀ lórí, ó nù ún gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀, ó sún ẹnu mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí.

"Àjàgbé, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí í fi iná ṣeré. O kú àárọ̀ o."

Òkúta náà pọ́n láti inú wá, bí ẹyin iná tí a fẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rọlẹ̀. Ó ti jẹ́ ìpè. Baba kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Àgbàlá Àlejò ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn ọmọ Ẹ̀ríwò tí wọ́n ṣubú sórí ilẹ̀ Ìlàrè nígbà Ogun Omi ni wọ́n sùn síbẹ̀, àwọn ará Ìlàrè ló sì ń tọ́jú wọn. Ní òdìkejì Odò Aró, Àgbàlá Àlejò mìíràn wà. Àwọn ọmọ Ìlàrè ló sùn sí ìyẹn, Ẹ̀ríwò ni olùtọ́jú. Òbí kì í rí ibojì ọmọ. Àṣà kan náà ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ń tẹ̀ lé, kí ogun tó dé àti lẹ́yìn tó lọ. Nígbà tí àwọn àgbà jókòó láti parí ìjà, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti sú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí. Ẹ bá wa tọ́jú tiwa, kí á bá yín tọ́jú tiyín.

Ẹni tí kò pàdánù ọmọ kò lè ṣe olùtọ́jú. Ìgè lọmọ Baba. Òun náà wà lọ́hùn-ún.

Ní àárín ọgbà, òpó kan dúró, Etí wà lórí rẹ̀. Ó fẹ̀ bí àtẹ, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹnu bá sọ nínú ògiri náà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe àwọn ará Ẹ̀ríwò nígbà ogun kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀. Àlejò ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ dídùn ni a sì ń sọ fún àlejò.

Baba dé ìlà tó kẹ́yìn. Ó yí Akàn po, ó dúró níwájú òkúta dúdú náà. KÚFORÍJÌ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí i lára. Ó fọ̀ ọ́ bó ti ń fọ àwọn yòókù. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀ ju bó ti ń pẹ́ lórí wọn lọ.

"Ọmọ ẹlẹ́ṣin," ó ní. "Ọmọ afínjú tí í wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde. Ọmọ arìn-bí-ọba. O kú àárọ̀ o."

Òkúta náà kò ṣe nǹkankan. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀yìn Baba ni Tìjání dúró sí. Ó rọra bi í bóyá ó ti gbìyànjú láti kì í ní ohùn rara. Baba ní òun ti kì í ní ohùn rara. Òun ti kì í nínú òjò, òun ti kì í nínú ọyẹ́. Tìjání ní bóyá wọ́n ṣi ìlẹ̀kẹ̀ fi sínú òkúta náà ni.

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Inú òkúta kọ̀ọ̀kan ni ìlẹ̀kẹ̀ etí ẹni tó ni ín wà. Láyé ìgbà náà, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí etí ọmọ, kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Gbogbo ohun tí etí gbọ́, ìlẹ̀kẹ̀ gbọ́ ọ. A kì í tú ìlẹ̀kẹ̀ òkú wò, èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí alààyè bá sún mọ́ òkúta, tí èémí rẹ̀ kan án, tí ó sì sọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ mọ̀, òkúta yóò tàn. Èyí tí kò bá tàn títí ọdún tí a fi lélẹ̀ fi pé, òfin ní kì í ṣe ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Wọn yóò pa orúkọ náà rẹ́. Wọn yóò yọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Wọn yóò ju òkúta sórí òkìtì àwọn aláìlórúkọ, níbi tí ewúrẹ́ ti ń sùn.

"Wọn ò ṣì í fi," ni Baba wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Baba?"

Baba fún omi inú kànìnkànìn rẹ̀ dànù. Kò mọ bí òun ṣe mọ̀.

Fèrè ọkọ̀ dún létí odò.

Ọjọ́ Ìkíni ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ yìí nìkan láàárín ọdún ni olùtọ́jú lè sọdá, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń sọdá. Wọn a fọn fèrè láti ọ̀hún, Baba a fọn tirẹ̀ padà, ó parí. Ó na ọwọ́ sí fèrè rẹ̀ lára ògiri. Ṣùgbọ́n fèrè ọ̀hún tún dún, ó sì sún mọ́tòsí. Nígbà tí Baba jáde, ọkọ̀ oòrùn kékeré kan ti ń gúnlẹ̀.

Àgbàlagbà obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, ó gun òkè etídò wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Aṣọ aláwọ̀ eérú ló wọ̀, aṣọ olùtọ́jú, bíi ti Baba gan-an.

"Ẹ kú ìkíni o, Olùtọ́jú. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ káàbọ̀," ni Baba wí.

Obìnrin náà dúró, ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù.

"Wọ́n ti sọ fún mi pé ará Ìlàrè kì í ná ọ̀rọ̀," ó ní. "Mo rò pé wọ́n ń bà yín lórúkọ jẹ́ ni."

"Ẹ jókòó."

Bẹ́ǹṣì kan wà níta ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ òrùlé tí wọ́n fi ìyẹ́ eṣú irin kàn. Nígbà ogun, eṣú irin ń fò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n ń wá ooru ara ènìyàn kiri. Nísinsìnyí wọ́n ń gba òjò. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí kì í bá ṣe ẹyẹ kò gbọdọ̀ fò lórí Odò Aró. Obìnrin náà wo òrùlé lókè kó tó jókòó. Ó fi ohun kan tí a fi ewé wé lélẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Àádùn ni, ó ní, òun ló gún un fúnra òun. Baba dúpẹ́. Kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà náà ni obìnrin náà wo ògiri. Ó wò ó pẹ́.

"Ìyá Kúforíjì ni mí," ó ní.

Baba fi ọwọ́ ti bẹ́ǹṣì, ó ń dìde.

"Èmi náà ni mo ń tọ́jú Ìgè."

Baba, tó ti fẹ́ dìde láti bu omi fún àlejò, padà jókòó. Ó mọ̀ pé ẹnì kan wà lọ́hùn-ún. Bí òfin ti to nǹkan nìyẹn: ọmọ olùtọ́jú kan a máa wà lọ́wọ́ olùtọ́jú kejì. Àmọ́ wọn kì í sọ orúkọ fún ara wọn, ìwé kì í sì í sọdá. Láti ọdún wọ̀nyí wá, fèrè lásán ni ẹni náà jẹ́ fún un. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà. Ọwọ́ tó ti pẹ́ nínú omi ni.

Ó yíjú sí i.

"Ṣé ó ń jẹ́ ìpè?"

"Lọ́jọ́ kìíní ni. Mo kì í ní oríkì tí ẹ fi rán Ìgbìmọ̀ sí wa, ó dákẹ́. Mo tún un kì, ó dákẹ́. Mo gbé garawa mi, mo fẹ́ máa lọ. N ò mọ ohun tó ṣe mí, mo kàn yíjú padà, mo ní, 'Ìgè, ṣé o ti jẹun?' Bàbá Ìgè, ó tàn tó bẹ́ẹ̀ tí garawa fi bọ́ lọ́wọ́ mi."

Baba wo odò. Omi rẹ̀ dúdú bí aró tí a fi ń pè é.

"Ìyá rẹ̀ ló ń bi í bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ìbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo sílẹ̀."

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bi í."

Tìjání ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró lápá kan, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà sọ ohun tó gbé e sọdá. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ pé Akàn ń bọ̀ wá gbé ọmọ òun, ẹnu wọn náà ló sì ti gbọ́ pé bàbá Ìgè ni olùtọ́jú ibẹ̀. Ó mọ ìdí tí òkúta náà kò fi tàn. Ó bí mẹ́ta ṣáájú Kúforíjì, gbogbo wọn yí padà lọ́nà. Nígbà tí ó bí Kúforíjì, àwọn àgbà ilé ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kì í. Ọmọ tó ti mọ ọ̀nà ọ̀run, bí a bá ń kì í, yóò rò pé òun tóbi ju ilé ayé lọ ni. Bíbú ni kí wọ́n máa bú u, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run lè rò pé kò wúlò. Wọ́n sì bú u. Ó jí, èébú. Ó jẹun, èébú. Ó gba ipò kìíní nílé ìwé, ìyá rẹ̀ bú u títí ó fi rẹ́rìn-ín sùn. Ọjọ́ tó ń lọ sógun, èébú ló fi sìn ín dé òpópónà.

"Oríkì tí ẹ fi ránṣẹ́ ńkọ́?" ni Baba bi í.

"Ti ìdílé bàbá rẹ̀ ni. Kò gbọ́ ọ rí. Ìgbìmọ̀ ní kí n mú oríkì ọmọ mi wá kí ẹ̀yin lè máa kì í. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, Bàbá Ìgè. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó èébú ọmọ rẹ̀ fún ọ̀tá?"

Ìta ògiri ni wọ́n wà. Etí kò ké.

Baba mi orí. Bí ó bá jẹ́ òun, òun náà ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dìde. Tìjání kúrò lára òpó ẹnu ọ̀nà, ó dí i lọ́nà. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mọ òfin."

Baba mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá bú àlejò nínú ọgbà, Etí yóò ké. Aṣojú yóò fi àtẹ́lẹwọ́ kan òpó, okùn tó gba abẹ́ odò yóò sì gbé igbe náà lọ. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọn yóò gbé òkúta ọmọ olùtọ́jú náà lọ́hùn-ún, wọn yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Òfin náà le, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tutọ́ sí òkúta ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí ogun ti parí.

"Ìgè ni wọn yóò gbé," ni Tìjání wí. Ó fa Baba sẹ́yìn díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun kò sọ pé ìyá yìí ń purọ́ o. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń purọ́ ńkọ́? Àwọn kan ṣì wà lọ́hùn-ún tí inú wọn kò dùn sí àdéhùn. Ó ní kí Baba jẹ́ kí òun kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀.

"Ìgbà wo ni wọn yóò jókòó?"

"Tí oṣù tuntun bá lé."

Baba wo oòrùn. Ó ti rọ́ sí apá odò. Ó padà sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ó bi í ní ohun kan ṣoṣo: bí Etí bá ké, ta ni yóò gbé òkúta Ìgè?

"Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í fi ẹ̀rọ gbé òkú," ó ní. "Olùtọ́jú ni ó ń gbé e." Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí eékún. "N ò wá bẹ̀ yín. Ohun tí a ń bẹ ènìyàn sí ní ìwọ̀n. Mo wá sọ fún yín kí ó má baà jẹ́ pé n kò sọ. Bí ẹ bá wọlé, tí ẹ ti ilẹ̀kùn, n ó lọ sílé, n ó sì bi Ìgè bóyá ó ti jẹun. Kò ní yàtọ̀."

Baba wọlé. Kò lọ sí ìlà tó kẹ́yìn. Ó ń rìn láàárín àwọn òkúta, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Ó ń ro Ìgè. Ọmọ tí kì í dákẹ́ ni, kò jọ bàbá rẹ̀. Bí àlejò bá dé, òun ló ń tẹ́ ẹní tirẹ̀ fún un, yóò sì máa ráhùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ pé ilẹ̀ líle. Nígbà tí ìròyìn dé, òkú kò bá a wá sílé, ẹrù kankan kò bá a wá. Orúkọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lára òkúta lọ́hùn-ún ni gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀. Baba kò rí òkúta náà rí, kò sì ní rí i. Síbẹ̀, ó ti fi ẹ̀yìn tì í láti ọjọ́ yìí wá bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri nínú òkùnkùn.

Ó dúró níwájú Kúforíjì. Akàn la èékánná sílẹ̀ bí ó ti wà. Ọ̀dọ́mọdé tó sùn sábẹ́ ibẹ̀ yìí lè jẹ́ ẹni tó pa Ìgè. Baba ti ro ìyẹn ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ kò jẹ́ kó rò ó mọ́. Àràárọ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá wò ó dáadáa, ó ti bá Kúforíjì sọ̀rọ̀ ju bí ó ti bá Ìgè sọ̀rọ̀ láyé lọ. Gbogbo rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Bí ẹni ń gbé oúnjẹ ọlọ́jà síwájú ọmọ tí ń wá ti ìyá rẹ̀.

Ó jáde padà. Ó ní kí ìyá náà dìde, kí ó tẹ̀ lé ògiri lọ títí dé ibi tí ẹ̀ka ayùnrẹ́ ti yọ sí ìta, kí ó jókòó síbẹ̀.

"Ẹ ò ní rí nǹkankan," ó ní. "Ẹ óò gbọ́."

Tìjání ṣì dúró ní ẹnu ọ̀nà. Kò kúrò. Baba kò tì í, kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tó yá, Tìjání yẹ̀ fún un.

Baba bẹ̀rẹ̀ síwájú òkúta náà. Ó sún ẹnu mọ́ ọn.

"Kúforíjì," ó ní. "Aláìgbọràn ni ọ́. Ọmọ ààtàn ni ọ́."

Etí dá yíyí dúró. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Èébú," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù. "Èébú. Èébú."

Òkúta náà kò tàn.

Baba kò dìde. Ó ti ta Ìgè, kò sì rí nǹkankan rà bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ Tìjání tó ń sáré bọ̀. Láti òdìkejì ògiri, ó gbọ́ ohun mìíràn. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, omijé sì wà nínú ẹ̀rín náà.

"Bàbá Ìgè, bí aṣojú ìjọba lẹ ṣe ń bú u. Ọmọ ẹni kọ́ là ń bú báyẹn."

Baba gbé ọwọ́ lé òkúta. Ó gbóná díẹ̀ nítorí oòrùn. Ó pa ojú dé. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí Ìgè pẹ́ kó tó wọlé láti odò, tí ẹrẹ̀ kùn ún dé ọrùn, tí òun sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ọ̀sán.

"Ìwọ," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ìwọ olórí kunkun yìí. Ẹlẹ́sẹ̀ bí igi ìdáná. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè ọ́. Etí rẹ di ni, àbí o ti gbé e fún ewúrẹ́ jẹ? Wo bó ṣe jókòó bí adìyẹ tí òjò pa. Ta ló rán ọ lọ síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń wá ọ lọ́hùn-ún, má tan ara rẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ní àwọn ò fẹ́ ọ, ojú rẹ burú. Ibí yìí nìkan ni wọ́n lè gbà ọ́. O ò rí omi wẹ̀ ni? Gbogbo ọmọ ti délé, ìwọ nìkan lo kù. Kúforíjì. Ṣé o gbọ́ mi? Alákọrí. Wọlé."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Òkúta náà tàn. Kò pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí àwọn yòókù. Ó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí òjìji èékánná Akàn fi hàn lára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ náà kọ́kọ́ wárìrì, bí ẹ̀rín tí ènìyàn ń gbìyànjú láti mú mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó dúró. Akàn pa èékánná rẹ̀ dé lófìfo. Ó sún sẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

"Ṣé ó tàn?" Ohùn ìyá náà wá láti ìta, ó rẹlẹ̀.

"Ó tàn."

"Báwo ló ṣe rí?"

Baba wá ọ̀rọ̀.

"Bí ẹni tó jí," ó ní.

Etí ṣì ń ké lórí òpó. Èébú. Èébú. Tìjání dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí òpó, kò fi kàn án. Àtẹ́lẹwọ́ aṣojú ni ó ń rán igbe náà gba abẹ́ odò lọ, òun náà ni ó sì lè pa á lẹ́nu mọ́. Ó wo òkúta tó ń tàn, ó wo Baba. Baba sọ fún un pé kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀.

Tìjání fa ọwọ́ padà. Ó ń kùn fún ara rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń wá ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé. Ó ní àdéhùn sọ pé ẹni tí a ṣẹ̀ ni a ń bi bóyá a ṣẹ̀ ẹ́. Títí di òní, kò sí ìgbà tí ẹbí wà nítòsí, Ìgbìmọ̀ ló ń dáhùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹbí wà nítòsí lónìí.

Ó gun ẹ̀yìn Akàn, ó na ọrùn sókè ògiri. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá wa, mo ń bi yín lórúkọ Ìgbìmọ̀ Ìrántí ti orílẹ̀-èdè méjèèjì. Wọ́n bú ọmọ yín. Ṣé ẹ fẹ́ fẹjọ́ sùn?"

"Ta ló bú u?"

"Baba ni, Ìyá. Gbogbo wa la gbọ́."

"Bàbá rẹ̀ ló ń bá a wí," ni obìnrin náà wí. "Ṣé ní Ìlàrè, bàbá kì í bá ọmọ wí ni?"

Tìjání sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ bá Etí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé òpó. "Ẹbí ní kò sí èébú," ó ní. Etí dákẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì yé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà bó ti ń yí tẹ́lẹ̀.

Baba bi Tìjání ohun tí yóò sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Tìjání ní òun kò tíì mọ̀. Ó ní wọn yóò pe òun, wọn yóò bínú, wọn yóò sì béèrè ibi tí òun ti rí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

"N ó mú wọn wá síbí," ó ní. "Kí wọ́n wá wò ó."

Oòrùn ti kan omi nígbà tí Baba sin àlejò rẹ̀ dé etídò. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Obìnrin náà kọ́ ọ ní èébú díẹ̀ sí i, èyí tí ó wà fún àárọ̀ nìkan, àti èyí tí a ń lò bí ó bá ti ṣe dáadáa. Baba ń tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Obìnrin náà ní kí ó má sọ ti ẹ̀yìn yìí fún ọmọ náà púpọ̀ jù, orí rẹ̀ yóò wú.

Ó wọ ọkọ̀. Ó tún ìró rẹ̀ so. Ó yíjú padà.

"Bí mo bá ti dé, ọ̀dọ̀ Ìgè ni mo ń lọ tààrà. Kí ni kí n bá yín sọ fún un?"

Baba dúró. Ọkọ̀ náà ti ń sún kúrò létí ilẹ̀. Láti ọdún wọ̀nyí wá, ó ti ní ọ̀pọ̀ nǹkan láti sọ, ó sì ti tò wọ́n jọ ní alaalẹ́. Nísinsìnyí kò rí ọ̀kan nínú wọn.

"Ẹ sọ fún un pé mo ti jẹun."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè. Ọkọ̀ yí orí sí Ẹ̀ríwò.

Baba wò ó títí ó fi dé àárín odò. Ó wá gun òkè padà, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ìyẹ́ eṣú, ó gbé àádùn, ó tú ewé rẹ̀. Ó yára jẹ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ Ìgè.